Àgbàlagbà Lórí Bẹ́ńṣì: Ìtàn Àwọn Ilẹ̀kùn Tí Ó Ṣí Fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Padà Sí Ilé-Ẹ̀kọ́

  

Ìbéèrè kan ni ó bí ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ní kíláàsì àwọn ìyá tí mo máa ń kọ́ lẹ́yìn ìrun ʿAsr ní ọjọ́ Àìkú, arábìnrin kan dúró nígbà tí àwọn yòókù ti ń ká ẹní. Aṣọ ni ó ń tà. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ọmọ rẹ̀ àgbà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fọ́ọ̀mù JAMB. Òun fúnra rẹ̀ ti parí Thānawī láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ tí ó fi ṣe ìgbéyàwó. Ó ní, "Ústáàsì, ṣé ọ̀nà kankan ṣì wà fún irú èmi, àbí ọmọ ni kí n máa wò báyìí?"

Ẹnu mi ti fẹ́ẹ́ yá láti sọ pé ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé "ọ̀nà wà" kò lè tó o. Ohun tí ó ń bi mí gan-an ni pé ṣé kì í ṣe ìtìjú ni ohun tí ó wà lọ́kàn òun yìí. Ìyẹn ni mo ṣe sọ fún un pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, n óò kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tí irú rẹ̀ ń jẹ lọ́kàn lè bá wa kà á.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ̀sìn wa. Ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ nínú Ìsìláàmù? Àgbàlagbà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Abū Bakr ti ń súnmọ́ ẹni ogójì ọdún nígbà tí ó gba ẹ̀sìn, oníṣòwò sì ni. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ nínú Al-Qur'ān, lẹ́yìn ìgbà náà ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí Imām al-Bukhārī ń kọ ìwé rẹ̀, tí ó dé orí ọ̀rọ̀ ìmọ̀, tí ó sì mú ọ̀rọ̀ ʿUmar wá pé kí ènìyàn wá ìmọ̀ kí wọ́n tó fi í jẹ olórí, ó fi àlàyé tirẹ̀ sí i pé àwọn sàábé Ànábì kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Ó jọ pé ó bẹ̀rù kí ẹnì kan má baà ka ọ̀rọ̀ ʿUmar kí ó sì rò pé tí èèyàn bá ti di olórí ilé, ilẹ̀kùn ti tì.

Ìtàn ẹnì kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. ʿAbdullāh ibn Aḥmad ni orúkọ rẹ̀, ará ìlú Marw, èyí tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Turkmenistan lónìí. Àgádágodo ni ó ń rọ, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní al-Qaffāl. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé débi pé ó rọ àgádágodo kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ kò wúwo ju hóró ọkà mẹ́rin lọ. Nígbà tí ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún ni ó tó lọ bá olùkọ́ pé òun fẹ́ kọ́ fiqhi. Àwọn onímọ̀ gbà á wá pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni olùkọ́ náà kọ́ ọ ní ọjọ́ kìíní. Al-Qaffāl gun òrùlé ilé rẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí wí láti ìgbà tí wọ́n ti kírun ʿIshā títí di ìdájí. Oorun wá gbé e lọ. Nígbà tí ó jí, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fò lọ! Ó ń lọ ní ojú ọ̀nà, ó ń rò ó pé kí ni òun fẹ́ wí fún olùkọ́, ni obìnrin aládùúgbò kan bá dá a dúró pé ó mà fi ọ̀rọ̀ báyìí báyìí dí àwọn lọ́wọ́ oorun mọ́jú. Ẹnu obìnrin yẹn ni ó ti tún rí ẹ̀kọ́ rẹ̀ he.

Ọkùnrin tí kò lè di ọ̀rọ̀ mẹ́ta mú yìí ni ó di olórí àwọn onímọ̀ mádhábì Shāfiʿī ní gbogbo Khurāsān. Ọdún 417 lẹ́yìn Híjírà ni ó kú. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ìyá tí ó bá ń sunkún nítorí pé wọn kò lè há Sūratul-Bayyinah, wọ́n a sì bú sẹ́rìn-ín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé láàárín àwa Mùsùlùmí ni àgbàlagbà tí kò rí ilé-ìwé lọ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ayé àwọn bàbá wa? Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilé-ìwé tí ó wà nígbà náà, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó wà. Sùlè á wọlé, Sámúẹ́lì á jáde. Bàbá tí ó bá rí èyí lára ọmọ aládùúgbò, yóò fa ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ padà sí oko tàbí sí ìdí wàláà. Ìjọba Èkó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ṣe dá ilé-ìwé ìjọba fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896, tí ti Ẹ̀pẹ́ tẹ̀lé e ní 1898, tí ti Àgbádárìgì sì dé ní 1899. Ilé-ìwé mẹ́ta, fún gbogbo ọmọ wa! Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó kó ara wọn jọ ní ọdún 1923, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé kí ó sì jáde pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní ọjọ́ ìkómọ.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọdé ni ó wà fún. Ẹni tí ó ti gun ogún ọdún ní ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ìta ni ó wà.

Kì í ṣe pé kò sí ohunkóhun fún àgbàlagbà o. Ọdún 1948 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa gbé ẹ̀kọ́ jáde kúrò nínú ọgbà lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú wọn. Ọmọ ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, Robert Gardiner. Tíṣà, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń péjọ ní alẹ́ nínú kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, orúnkún wọn á máa kan tábìlì. Ohun tí àwọn yunifásítì ní lọ́kàn ni pé kí ọpọlọ àwọn ènìyàn là. Ohun tí àwọn ènìyàn wá ní tiwọn ni bí wọn yóò ṣe yege nínú ìdánwò. Èmi kò bá wọn wí. Ẹni tí ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé nílò ìwé tí yóò fi han ọ̀gá.

Ọ̀nà kejì ni ti ìwé tí ó ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà yìí. Ní 1909 ni wọ́n bí i. Ní 1944, nígbà tí ó ti ní ìyàwó àti ọmọ, tí ó sì ti ṣòwò tí òwò ti wó lé e lórí rí, ni ó gba oyè B.Com ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìkúrò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó bí ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn, ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́.

Àmọ́ ṣá, gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́kọ́rọ́ wọn. Àfáà tí ó ka Al-Qur'ān já, tí ó mọ Naḥw àti fiqhi, tí ó ń kọ lẹ́tà ní èdè Lárúbáwá, aláìmọ̀wé ni lójú ìjọba. Ibí yìí ni Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory ti wọ inú ìtàn wa. Ní ọdún 1917 ni wọ́n bí i, ní Wasa, ní ilẹ̀ tí ó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ará Ìlọrin ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó ti súnmọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, tí òun náà ti di olùkọ́, ni ó lọ sí Íjíbítì ní 1946. Ó rí bí Azhar ṣe pín ẹ̀kọ́ sí kíláàsì, tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, tí ìdánwò sì wà. Ní 1952 ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Pátákó ìkọ̀wé, àga, tábìlì, ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan ta kò ó nígbà náà pé kí ni ti àga nínú ẹ̀kọ́ kéwú. Lónìí, kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò sí ilé kéwú tí ẹni tí ó jáde ní Markaz dá sílẹ̀, tàbí tí ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń jókòó ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, irùngbọ̀n ti wà ní àgbọ̀n wọn. Télọ̀ wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, àfáà tí ó ti ní ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí ó kù ni ti yunifásítì. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti Ìsìláàmù sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kékeré kan tí ó ń parí sí ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n fi ń gba àwọn tí ó mọ Lárúbáwá dunjú wọlé. Fún ọ̀pọ̀ àfáà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tí wọ́n kọ́ ní ilé kéwú yóò ní iye lórí nínú ọgbà yunifásítì. Láti ibẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀síwájú á wá Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Ọ̀kan nínú irú wọn ni olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní Naḥw. Inú ìwé ìròyìn ni ó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní ojú ewé kan lójúmọ́, pẹ̀lú dikiṣọ́nárì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ó ti pé ẹni ọdún márùndínlógójì nígbà tí ó lọ ṣe ìdánwò GCE. Ó sọ fún wa pé nígbà tí òun dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, olùtọ́jú ìdánwò kí òun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn òbí ń dúró sí abẹ́ igi lọ́hùn-ún." Ó fa ìwé ìdánwò rẹ̀ yọ nínú àpò agbádá. Ó ní ojú ti olùtọ́jú náà ju òun lọ.

Èmi náà ní ti tèmi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí mo mú ìwé ẹ̀rí Thānawī mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti béèrè àyè. Ọ̀gbẹ́ni tí ó gbà á lọ́wọ́ mi yí i sókè, ó yí i sódì, ó ní ṣé kò sí èyí tí ojú òun lè kà. Mo padà sílé. Ọdún mẹ́fà ni ó gbà mí kí n tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Kí n má sì purọ́, kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀gbẹ́ni yẹn nìkan. Àgbà kan wà láàárín wa tí ó ti sọ fún wa pé ẹni tí ó bá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ́lẹ̀ kéwú yóò kúrò lára rẹ̀. Àwa ọmọ gbà á gbọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ṣì rò pé ó ṣì wá lọ́nà, kí Ọlọ́hun forí jì í.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ilẹ̀kùn tí ìjọba ṣí fún àgbàlagbà, nítorí ìtàn inú rẹ̀ dùn bí àlọ́. Yunifásítì Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àkọ̀ránṣẹ́ ní 1974. Wọ́n dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kaduna ní 1976, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn tíṣà lè máa kàwé nígbà ìsinmi àti ní òpin ọ̀sẹ̀ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti 1990 ni wọ́n ti ń fi ọ̀nà yìí gba NCE níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1983, ìjọba Shagari ṣe òfin yunifásítì tí kò ní ògiri, National Open University. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn ológun fi gba ìjọba, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ó wà ní títì fún ọdún mẹ́tàdínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ro iye àwọn ìyá wa tí ìgbà ìkàwé wọn kọjá láàárín àkókò yẹn.

Ìjọba Ọbásanjọ́ ni ó jí i dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 wọ̀nyí. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ sì wọlé síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tí ó kúrò lórí oyè. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn tirẹ̀ ni ó kọ́, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní òpin ọdún 2018 yẹn kan náà, ẹni tí ó fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tí ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ibẹ̀ ní àǹfààní kan náà pẹ̀lú àwọn ti yunifásítì yòókù, Ààrẹ Buhari ni. Ọwọ́ tí ó tì í ní 1984 ni ó tún un ṣe. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Nítorí náà, arábìnrin mi, ohun tí ó wà nílẹ̀ fún ọ lónìí nìyí. Tí ìwé ẹ̀rí Thānawī rẹ bá jẹ́ ti ilé kéwú tí ó wà lábẹ́ NBAIS, àjọ tí ń ṣe ìdánwò Lárúbáwá àti Ìsìláàmù ní Kaduna, ọ̀nà rẹ ti yá. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bí tìrẹ kò ṣe rí bẹ́ẹ̀, ìdánwò WAEC tàbí NECO ti àwọn tí kò sí ní ilé-ìwé ni àkọ́kọ́. Lárúbáwá wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀, Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀. Mẹ́ta nínú márùn-ún ti wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó ra bíírò! Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò ni ó kù, òun ni kí o fi gbogbo agbára rẹ lé. Lẹ́yìn èyí, tí ó bá jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni o fẹ́, NCE tó, ọ̀nà NTI sì wà fún ẹni tí kò lè fi ọjà sílẹ̀. Tí ó bá jẹ́ oyè yunifásítì ni, Open University kò béèrè JAMB, ibùdó rẹ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìbàdàn àti Èkó náà ní ti ọ̀nà jíjìn. NYSC kò lè dí ọ lọ́wọ́; ẹni tí ó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kí ó tó gboyè, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un.

Mo ní láti sọ pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ni ó ṣí. Yunifásítì Ìsìláàmù ti Mẹ̀dínà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ṣe àlá, kì í gba ẹni tí ó bá ti kọjá ọdún márùndínlọ́gbọ̀n fún oyè àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ni mo fẹ́ fà sí etí yín. Ẹni tí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní àgbà máa ń kánjú, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀. Wọn á ní kí ẹ mú owó wá, àwọn yóò bá yín "ṣe" ìdánwò náà. Ìwé ẹ̀rí tí a fi irọ́ gbà, tí a sì fẹ́ fi kọ́ ọmọ Mùsùlùmí ní òtítọ́, báwo ni ó ṣe fẹ́ jẹ́? Àwọn mìíràn a dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ilé alájà kan, wọn a kọ "yunifásítì" sí iwájú rẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo orúkọ ibẹ̀ nínú ìwé NUC, tí ó bá jẹ́ yunifásítì, tàbí ti NCCE, tí ó bá jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Orí fóònù ni ẹ ó ti rí i. Tí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó, ẹ fún ọmọ yín.

Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ìyàwó tí ó ń kàwé lẹ́yìn ʿIshā kì í ṣe ẹni tí ó ń sá fún iṣẹ́ ilé. Ẹ bá a bu omi sínú ìkòkò.

Mo ti ka ohun tí mo kọ yìí sí etí arábìnrin náà kí n tó gbé e jáde, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ó gbọ́ ti al-Qaffāl, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì bi mí bóyá wọ́n sọ orúkọ obìnrin aládùúgbò yẹn. Mo ní n kò rí i kà. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti kọ ọ́. Ó ti gba fọ́ọ̀mù NECO. Ní alẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti palẹ̀ oúnjẹ mọ́, ọmọ rẹ̀ tí ó ń múra JAMB ni ó ń kọ́ ọ ní Ìṣirò; òun sì ń kọ́ ọmọ náà ní Lárúbáwá. Ìdá, èyí tí wọ́n ń pè ní fírákíṣọ̀n, ni wọ́n wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó ní kò yé òun títí ọmọ náà fi lo ọ̀pá aṣọ ṣe àlàyé rẹ̀.